Ṣé kí n yá owó kómúlélanta fún ọkọ mi?

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan láti ẹ̀bá Ìlaròó kọ̀wé pé ẹ̀gẹ́ lòun ń bó ní ẹbu gààrí onígààrí, owó rẹ̀ kì í sì í kọjá oúnjẹ alẹ́. Àwọn ayánilówó kómúlélanta, tó ń yá àwọn obìnrin lówó ní gúrúùpù, ti dé àdúgbò wọn: ₦100,000, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni sísan bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kó gbà á fún òun kí òun fi tún ọ̀kadà òun ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá kọ̀, ṣé kò ní dà bíi pé mi ò fẹ́ ire fún un?"

Àbúrò mi, má gbà á.

Mi ò lòdì sí kí obìnrin yáwó. Ẹni tó mọ iye ọjọ́ tí ọjà rẹ̀ fi ń dowó lè yá a, kó sì jèrè. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ ni gbèsè yìí máa wà. Bí ọ̀kadà náà bá tún dákẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, ìwọ ni wọ́n máa wá jókòó tì lẹ́nu ọ̀nà, àwọn obìnrin tí ẹ jọ wà ní gúrúùpù ló sì máa san tìẹ mọ́ tiwọn.

Má sọ ọ́ fún ọkọ rẹ níṣojú ìyá rẹ̀ o. Ní ìdákọ́ńkọ́ ni kí o ti sọ pé, "Bàbá wọn, èmi náà fẹ́ kí ọ̀kadà yẹn padà sójú títì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ẹgbẹ́ ọlọ́kadà yín sọ̀rọ̀, kí gbèsè rẹ̀ wà lórúkọ yín, kí ọ̀kadà fúnra rẹ̀ máa san án."

Ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí o kàn mẹ́nu bà kọjá: pé ìwọ ni ìyá ẹbu máa ń pè bí ẹni tó ń yan gààrí kò bá wá. Ó ṣe mí láàánú. O mọ ìgbà tí ẹ̀gẹ́ lílọ̀ kan, o mọ bí wọ́n ṣe ń fi jáàkì fún un, o mọ iná tí gààrí ń fẹ́, síbẹ̀ owó bíbó nìkan ni wọ́n ń san fún ọ. Ẹni tó ni ẹ̀gẹ́ ló ń jèrè. Nítorí náà, ẹ̀gẹ́ ló yẹ kí o wá bí o ṣe máa ní.

Bẹ ìyá ẹbu kó máa fi ẹ̀gẹ́ san díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ. Lọ̀ ọ́, fún un, kí o yan án lórí iná rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá síṣẹ́, kí o sanwó igi àti owó ẹ̀rọ. Kó tó kan, kó tó di gààrí, kó tó délé ọjà, ọ̀sẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Báwo ni gbèsè tó fẹ́ gbowó lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe fẹ́ bá irú òwò yìí mu?

Ní Bangladesh, níbi tí yíyá obìnrin lówó kékeré ti gbilẹ̀, àjọ BRAC rí i pé kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn tó tálákà jù. Láti 2002 ni wọ́n ti ń fún irú wọn ní màlúù tàbí ewúrẹ́, owó oúnjẹ fún ìgbà díẹ̀, àti ẹni tó ń yọjú sí wọn. Wọ́n dán irú rẹ̀ wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Ghana wà lára wọn. Àbájáde tó jáde ní 2015 ni pé ọdún kan lẹ́yìn tí ìrànwọ́ parí, àwọn ìdílé náà ṣì ń jẹun ju àwọn tí kò rí i gbà lọ. Ohun ìní ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé wọn lọ́wọ́, kì í ṣe gbèsè.

Bí o bá wá fẹ́ yáwó lọ́jọ́ iwájú, kó àwọn obìnrin ẹbu jọ. Ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger, láti 1991 ni àwọn obìnrin ti ń da owó jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń yá ara wọn nínú rẹ̀, tí èlé sì ń padà sọ́dọ̀ gbogbo wọn nígbà pípín. Ìyẹn ló fi yàtọ̀ sí àjọ tí a mọ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn tiyín náà wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Nigeria for Women ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ obìnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń dá sílẹ̀. Lọ bèèrè ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ bóyá ọ̀kan wà ní wọ́ọ̀dù yín.

Bí ìyá ẹbu bá ti dá ọ lóhùn, kọ̀wé sí mi, kí o sọ iye tó ní òun máa gbà lórí iná, ká jọ ṣírò rẹ̀.