Kernel tó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́lé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láptọ́ọ̀pù mi tó ń lo Ubuntu ń ṣe update lọ́wọ́ lálẹ́ àná ni iná bá lọ. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ìgbà tí mo tún tàn án, ó kọ ọ́ sójú pé “Kernel panic - not syncing: VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0)”. Ṣé díìsì ti bàjẹ́ ni? Iṣẹ́ àṣekágbá mi wà níbẹ̀ o.
Akẹ́kọ̀ọ́, ìlú Oǹdó

Ìdáhùn: Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ẹ fọ díìsì yẹn (format). Ohun tí mo ṣe fún oníbàárà kan nìyẹn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́. Fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ ló bá a lọ, ojú ṣì ń tì mí.

Kernel, ìyẹn ọkàn Ubuntu tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, kọ́ ló ń kọ́kọ́ jí. BIOS tàbí UEFI tó wà nínú ṣíìpù orí mọ́dábọ́ọ̀dù ló ń yẹ mẹ́mórì àti kíbọ́ọ̀dù wò, kó tó jí GRUB, ètò tó ń gbé kernel dìde. GRUB á wá gbé fáìlì méjì sínú mẹ́mórì: vmlinuz, ìyẹn kernel tí wọ́n fún pọ̀, àti initramfs, àpò kékeré tó kó ohun tí kernel kọ́kọ́ nílò. Kernel á tú ara rẹ̀ sílẹ̀, á to mẹ́mórì, á wá díìsì.

Ibẹ̀ ni tìrẹ ti há. Kernel Ubuntu kì í gbé gbogbo dráífà, ètò tó fi ń bá ẹ̀yà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, kọ́rùn. Ọ̀pọ̀ wọn wà lórí díìsì. Dráífà tó máa fi ka díìsì ńkọ́? Òun náà lè wà lórí díìsì! Bí ẹni ti kọ́kọ́rọ́ mọ́lé ni. Initramfs, tó kó irú dráífà bẹ́ẹ̀ dání, ni kọ́kọ́rọ́ kejì tó wà níta. Ó jọ pé iná lọ kí wọ́n tó rọ ọ́ tán. (0,0) yẹn, kernel ń sọ pé òun ò rí díìsì kankan ni. Ká ní ó rí i ni, ì bá ti pe systemd, ètò tó ń jẹ́ nọ́ńbà 1, kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun.

Kernel àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Tan láptọ́ọ̀pù rẹ, máa tẹ Esc (Shift ni tó bá jẹ́ BIOS àtijọ́), mú “Advanced options for Ubuntu”, kó o yan nọ́ńbà tó kéré jù. Tó bá ti wọlé, kọ́kọ́ da iṣẹ́ rẹ sórí fláàṣì. Lẹ́yìn náà, ṣí Terminal, kó o tẹ ìwọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

sudo dpkg --configure -a
sudo update-initramfs -u -k all
sudo update-grub

Bó bá ní àyè ò sí mọ́, fi df -h /boot wo àyè tó kù ní /boot, ibi tí àwọn kernel ń gbé. Àwọn kernel àtijọ́ ló sábà máa ń kún ibẹ̀. Má yọ èyí tó o fi wọlé o.