Bí Ajá Bá Gé Ọmọ Jẹ, Ẹ Má Pa Ajá Náà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ajá aládùúgbò wa gé ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, jẹ ní ojúgun. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti fi kùmọ̀ lu ajá náà pa. A sun irun rẹ̀, a fi epo pupa pò ó sí ojú egbò, ó sì ti ń jiná. Ṣé ó tún yẹ kí n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn?

Ìdáhùn: Ẹ gbé e lọ lónìí. Ọjọ́ mẹ́ta ti lọ, ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ jù níwọ̀n ìgbà tí àmì àìsàn kò bá tíì yọ. Ti irun sísun, n kò ní fi ọ̀rọ̀ ṣòfò lórí rẹ̀: kò lè dá dìgbòlugi, àrùn tí ajá lè kó ran ènìyàn, dúró rárá. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ kúrò fún ìṣẹ́jú 15 gbáko.

Ohun tí ó ká mi lára ni ajá tí wọ́n pa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ajá bá ti kú, ọ̀ràn ti parí. Rárá o. Kòkòrò dìgbòlugi tí ó ti bá itọ́ wọ ara ọmọ kì í bá ajá kú. Ńṣe ni yóò máa gba inú iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, díẹ̀díẹ̀, fún oṣù 1 sí 3 lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà mìíràn kí ó yá jù bẹ́ẹ̀ tàbí kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Egbò lè ti di àpá kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún omi, tí í ṣe àmì àrùn náà. Bí ó bá sì ti dé orí pé ó ń sá fún omi, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ajá yẹn gan-an ni ẹlẹ́rìí wa. Ká ní wọ́n so ó mọ́lẹ̀ ni, èmi dókítà ẹranko ì bá máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10, nígbà tí dókítà ènìyàn yóò ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ láìdúró dè mí. Bí ara ajá bá ṣì le koko lẹ́yìn ọjọ́ 10, a jẹ́ pé àrùn kò sí nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé ọmọ jẹ. N ó ránṣẹ́ sí dókítà, yóò sì lè dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró. Bí ó bá kú, a ó gbé orí rẹ̀ sínú yìnyín lọ sí yàrá àyẹ̀wò bí irú èyí tó wà ní Vom, nítòsí Jos, nítorí inú ọpọlọ ni a ti ń wá àrùn náà. Orí tí kùmọ̀ ti fọ́ yángá, kí ni a fẹ́ yẹ̀ wò níbẹ̀?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ lásán kan òkú rẹ̀, kí wọ́n má sì kun ún fún jíjẹ. Ẹ béèrè káàdì àjẹsára ajá lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ẹ mú un dání, ṣùgbọ́n káàdì kò ní kí ẹ má lọ.

Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ẹyọ kan: a máa ń gún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a ó sì tún un gún bí ọjọ́ 3, 7 àti 14 bá pé lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà lè yàtọ̀ díẹ̀. Bí eyín ajá bá mú kí ẹ̀jẹ̀ jáde lára ọmọ, ó lè gba immunoglobulin pẹ̀lú, ìyẹn èròjà tó ń bá àrùn náà jà lójú ẹsẹ̀, èyí tí a ń gún yí egbò ká. Èmi kò rí egbò náà. Dókítà tó bá rí i ni yóò pinnu. Ẹ ṣáà sọ fún un pé wọ́n ti pa ajá náà, kí ó lè mọ̀ pé kò sí ìròyìn tí yóò ti ọ̀dọ̀ wa wá, àti pé gbogbo abẹ́rẹ́ náà ni ọmọ gbọ́dọ̀ gbà pé.