Ọta tó ń yọ̀ nínú ìbọn: ṣé kí n fín in lára?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ Ọjà'ba n'Íbàdàn ni mí, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Wọ́n máa ń ya ọjọ́ díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dún fún àwọn tó ń fi ìbọn tí à ń ki láti ẹnu ṣọdẹ àgbọ̀nrín. Mo ra ọ̀kan tí ihò rẹ̀ jẹ́ ìdajì ínǹṣì. Ọta 0.452 ínǹṣì ni mò ń lò, tí mo ń fi sínú ike tí wọ́n ń pè ní sabot. Tí mo bá yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta láti 100 yáàdì, ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jìnnà síra wọn tó ẹnu àwo ìjẹun. Òyìnbó kan tí a jọ ń ṣọdẹ ní kí n máa yí ọta láàárín fáìlì méjì kí ara rẹ̀ lè rí ṣákaṣàka, pé á fún dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ tọ́nà, tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀rọ gé irin, ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó sì lè ran ìbọn ṣakabùlà Bàbá mi lọ́wọ́ ní oko wa l'Ákànràn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú àárò ilé. Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ àrùn kan ṣoṣo ló ń wò, ìyẹn ọta tí kò fún. Tó bá jẹ́ nǹkan mìíràn ló ń ṣe ìbọn rẹ, wàá kàn fi fáìlì ba ọta tó dára jẹ́ ni.

Kí àwọn tó kù lè bá wa lọ: sabot, tí wọ́n ń pè bí ẹni ń pe Sábó tiwa lẹ́bàá Mọ́kọ́lá, jẹ́ ife ike kékeré tí ara rẹ̀ là sí ewé, mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà. Ọta kéré sí ihò ìbọn, ike yìí ló ń dí àlàfo àárín wọn. Inú ihò ìbọn náà ní ilà tó ń lọ́ yíká bíi tírẹ́ẹ̀dì inú nọ́ọ̀tì, àmọ́ lílọ́ rẹ̀ falẹ̀ gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ṣe fún sabot, ẹ̀ẹ̀kan ló ń lọ́ po nínú 28 ínǹṣì. Ilà á di ike mú, ike á di ọta mú, wọ́n á jọ pòòyì jáde. Pípòòyì yẹn ló ń jẹ́ kí ọta dúró ṣinṣin lójú afẹ́fẹ́, bí òkòtó ṣe ń dúró lórí ṣóńṣó rẹ̀ tó bá ń jó. Bí wọ́n bá ti jáde lẹ́nu ìbọn, afẹ́fẹ́ á la ewé ike, ike á já bọ́, ọta á máa bá tirẹ̀ lọ. Tí ọta bá wá ń yọ̀ nínú ike, ike á pòòyì, ọta ò ní pòòyì tó.

Fífín irin lára, iṣẹ́ ọwọ́ wa nìyẹn. Irin tó le á tẹ èyí tó rọ̀, ojú ibi tó tẹ̀ á wọlé, etí rẹ̀ á yọ sókè. A ò fi nǹkan kan kún un, ara irin náà ló sún láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, ìbú rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù, ìyá kan tó ń lọ ata ní Bódìjà gbé ṣáàfù ẹ̀rọ rẹ̀ wá, béárì tó yẹ kó fún mọ́ ọn ń yí lórí rẹ̀. Mo fín ṣáàfù náà lára, mo gbá béárì wọ̀ ọ́, ó fún gan-an. Kò pé oṣù kan tí ìyá fi gbé e padà. Orí góńgó ilà yẹn nìkan ni béárì ń fara kàn, iṣẹ́ ojoojúmọ́ sì ti tẹ gbogbo rẹ̀ pa. Láti ọjọ́ náà, jíjó irin kún ojú ṣáàfù ni mo máa ń ṣe kí n tó gé e lórí lẹ́ètì. Ọ̀rọ̀ ọta yàtọ̀. Ṣáàfù ń yí láti àárọ̀ dalẹ́, ọta kì í rin inú ìbọn jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ike tó sì rọ̀ ló ń fara kàn. Àwọn góńgó kéékèèké yẹn á wọnú ike, wọ́n á dì í mú pinpin.

Nítorí náà, kọ́kọ́ wádìí bóyá ọta rẹ ò fún lóòótọ́. Tó o bá ń fi ọ̀pá kì í wọlé, fiyè sí ohun tí ọwọ́ rẹ ń gbọ́. Ó yẹ kó gba agbára díẹ̀, kó sì rí bákan náà láti ẹnu dé ìsàlẹ̀. Tí ìka kan bá lè tì í lọ, kò fún. Tó bá jẹ́ pé àfìgbà tó o bá fi gbogbo ara lé ọ̀pá, ó ti fún jù, má fín in rárá. Lẹ́yìn tó o bá yìnbọn, lọ ṣa àwọn ike náà nílẹ̀, kó o yí ìdí wọn sókè. Ìdí tó kàn dúdú kò burú. Èyí tó yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí èéfín fa ilà dúdú láti ìdí dé ewé, iná ẹtù ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nìyẹn.

Tó o bá rí i pé kò fún, èmi ì bá kọ́kọ́ ra sabot tó nípọn sí i, torí oríṣiríṣi ló wà. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ó kan fáìlì. Gbé fáìlì pẹlẹbẹ kan kalẹ̀, tẹ́ ọta lé e, kí ṣóńṣó rẹ̀ yọ síta, ara rẹ̀ tó gún gbọọrọ nìkan la fẹ́ fín. Fi fáìlì kejì lé e, tẹ̀ ẹ́, kó o yí i lọ síwájú. Yíyí ni o, kò gbọdọ̀ ha. Tó o bá rí lẹ́búlẹ́bú bàbà lójú fáìlì, o ti ń gé e nìyẹn, ṣe ló ń tín-ín-rín sí i. Fi kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìbú nǹkan, wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta. Kí 0.452 di 0.454 tàbí 0.455, ó tó. Ju bó ṣe tóbi tó lọ, kí gbogbo wọn dọ́gba ló ṣe pàtàkì jù. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ bá ga ju èkejì, jù ú nù. Ọta tí wọ́n fi bàbà bò ló gba èyí dáadáa. Òjé lásán rọ̀, ó sì rọrùn kí góńgó rẹ̀ tún tẹ̀ pa. Nu gbogbo wọn mọ́ kó o tó lò wọ́n.

Yin márùn-ún tó o fín àti márùn-ún tó ò fín, ẹtù kan náà. Fi aṣọ nu inú ìbọn lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kó tutù, torí ìbọn tó gbóná máa ń mú ike rọ̀, ìdánwò ò sì ní já sí nǹkan kan.

Èyí tí mo bẹ̀ ọ́ pé kó o má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú rèé: ọta tí kò fún lè yọ̀ kúrò lórí ẹtù tó o bá da ẹnu ìbọn kodò nínú igbó. Tí àlàfo bá wà láàárín ẹtù àti ọta, ọ̀pá ìbọn lè wú, ó sì lè bẹ́ mọ́ ọ lójú. Fi máàkà fa ilà sára ọ̀pá tó o fi ń kì í, níbi tó ti bá ẹnu ìbọn dọ́gba nígbà tí ọta jókòó dáadáa. Máa tún un wò kó o tó yìn. Ìwọ̀n ẹtù tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìbọn náà kọ sílẹ̀ ni kó o lò, má kọjá rẹ̀.

Ní ti ṣakabùlà Bàbá, inú ihò rẹ̀ ń dán ni, kò ní ilà kankan tó lè mú ọta pòòyì. Sabot ò wúlò fún un, fífín ò wúlò fún un. Yàtọ̀ síyẹn, òfin Nàìjíríà ò gbà kí àwa tọ́nà máa ṣe ọta tàbí tún ìbọn ṣe láìgba àṣẹ, mi ò sì ní ṣe é fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kí Bàbá máa sún mọ́ ẹran dáadáa kí wọ́n tó yìn, bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀.