Iṣẹ́ àṣetiléwá Gaeilge (èdè Irish) ọmọ mi ń dà wá láàmú: báwo la ṣe ń wá ìrànlọ́wọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, là ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, ń kọ́ èdè Irish níléèwé, èmi àti bàbá rẹ̀ kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fún un ní gbólóhùn mẹ́rin kó túmọ̀: pé nọ́ọ̀sì ni ìyá òun, pé ìyá òun ní mọ́tò pupa, pé ebi ń pa òun, àti ìbéèrè kan, "ṣé o fẹ́ràn iléèwé?", pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀. Mo ń tẹ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ atúmọ̀ orí fóònù, mo sì ń to ohun tó bá gbé jáde pọ̀. Bírò pupa ni tíṣà fi fagi lé gbogbo rẹ̀. Ta la lè bi, báwo la sì ṣe ń bi í?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú wàhálà ọmọ. Ẹ má bínú sí fóònù jù. Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ gbà kọjá ló ṣì yín lọ́nà. Ká ní Yorùbá lẹ gbà kọjá ni, ẹ ò bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé.

Ẹ wo ti ebi. Àwa kì í sọ pé èèyàn "jẹ́" nǹkan kan tí ebi bá dé. Ebi ló ń pa á, òtútù ló ń mú un, oorun ló ń kùn ún. Gaeilge náà (orúkọ tí àwọn tó ni èdè yìí ń pè é nìyẹn) kì í fi èèyàn ṣe ebi. Ó ní *Tá ocras orm*: ebi wà lórí mi. Òǹgbẹ ńkọ́? *Tá tart orm*. Ìbànújẹ́? *Tá brón orm*, èyí kan náà ni wọ́n sì fi ń ní kí èèyàn máà bínú.

Ti nọ́ọ̀sì ló sábà máa ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò níbi tí àwa ti ní "ni" àti "wà". Gaeilge náà ní méjì: *is* ni "ni" tiwa, *tá* ni "wà". Bí ẹnikẹ́ni kò ṣe ní í sọ pé "ìyá mi wà nọ́ọ̀sì", bẹ́ẹ̀ ni tíṣà kò ṣe lè gba *Tá mo mháthair altra*. Ohun tó tọ́ ni *Is altra í mo mháthair*. Bí ọmọ yín bá di èyí kan ṣoṣo mú lọ́dún yìí, ó ti ṣe gudugudu méje.

Ní ti mọ́tò, Gaeilge kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe kankan tó túmọ̀ sí kéèyàn ní nǹkan. Nǹkan náà ló máa ń wà lọ́wọ́ èèyàn, bí a ṣe ń sọ pé owó wà lọ́wọ́ mi: *Tá carr dearg aici*. Ẹ tún wò ó pé mọ́tò ló ṣáájú, kí pupa tó tẹ̀ lé e, bíi tiwa.

Ìbéèrè iléèwé ni *An maith leat an scoil?* Ẹ má wá "bẹ́ẹ̀ ni" nínú ìwé atúmọ̀-èdè, torí kò sí níbẹ̀, "rárá" náà kò sì sí. Èèyàn máa ń dá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bi í padà ni: *Is maith liom*, tàbí *Ní maith liom* bí iléèwé bá ti sú u.

Ṣùgbọ́n Yorùbá náà ní ibi tó ti máa ń já ni kulẹ̀. "Ó" àti "rẹ̀" wa kì í sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, Gaeilge sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, *a*, ló dúró fún tiẹ̀ ọkùnrin, tiẹ̀ obìnrin àti tiwọn. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ èwo ni. *A chat* ni ológbò ọkùnrin náà, *a cat* ni ti obìnrin náà, *a gcat* ni tiwọn. Nítorí náà, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ bá ń bi léèrè bóyá ọkùnrin ni, obìnrin ni, tàbí èèyàn púpọ̀. "Ẹ" ọ̀wọ̀ pẹ̀lú: *sibh* wà fún èèyàn tó ju ẹyọ kan lọ nìkan. Tíṣà kan ṣoṣo, *tú* ni. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun etí wa. Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ wá ọ̀rọ̀ fúnra yín, teanglann.ie ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ìwé atúmọ̀-èdè ńlá méjì wà nínú rẹ̀, ti ọdún 1959 àti ti 1977, ohùn àwọn tó ń sọ èdè náà sì wà níbẹ̀ kí ọmọ lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ibi tó ti máa ń sú àwọn òbí ni pé ọ̀rọ̀ inú ìwé ọmọ kì í sí níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ló ti yí padà. Bí ẹ bá rí mb, gc, nd, bp, dt tàbí bhf níwájú ọ̀rọ̀, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni kí ẹ wá lọ: *bhfuinneog* wà lábẹ́ *fuinneog*, fèrèsé. Bí h bá sì tẹ̀ lé lẹ́tà àkọ́kọ́, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ yọ ọ́ ná.

Àmì orí fáwẹ̀lì, tí wọ́n ń pè ní *fada*, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹni tó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀: *fear* ni ọkùnrin, *féar* ni koríko. *Cáca* ni kéèkì. Bí ẹ bá yọ àmì náà kúrò, ìgbẹ́ lẹ ń gbé ka iwájú àlejò.

Nígbà tí ẹ bá wá bá èèyàn, bóyá olùkọ́ tàbí aládùúgbò tó gbọ́ ọ, ẹ gbé gbólóhùn kan lọ pẹ̀lú èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ ti gbìyànjú, bó tilẹ̀ wọ́. Àṣìṣe rẹ̀ ló ń fi han ẹni náà ohun tí kò tíì yé ọmọ. Ẹni tó bá kó odindi iṣẹ́ wá, ìdáhùn ló ń wá. Kí ẹ sì sọ irú èyí tí iléèwé ń kọ́ wọn. Bí Èkìtì ṣe yàtọ̀ sí Ìjẹ̀bú ni ẹ̀ka Gaeilge ṣe yàtọ̀: láti kí èèyàn pé báwo ni, *Conas atá tú?* ni wọ́n ń sọ ní ẹkùn Munster, *Cén chaoi a bhfuil tú?* ní Connacht, *Cad é mar atá tú?* ní Ulster. Kò sí èyí tó burú nínú wọn, ọmọ kàn lè dà á pọ̀ mọ́ra ni.

Lọ́jọ́ kan, wọn á ní kó júwe ara rẹ̀. Kó má lo *dubh* tó túmọ̀ sí dúdú. *Fear dubh*, ọkùnrin onírun dúdú ni yóò yé wọn, *an fear dubh* sì jẹ́ orúkọ tí àwọn àgbà ń pe Sátánì. *Duine gorm* ni wọ́n ń pe aláwọ̀ dúdú láti ayébáyé, bẹ́ẹ̀ búlúù ni *gorm*. Àwọn kan ti ń lo *duine de dhath* báyìí, ẹni tó ní àwọ̀. Ẹ bi ọmọ èyí tó bá a lára mu.

Ọjọ́ orí rẹ̀ nìyí: *Tá mé naoi mbliana d'aois*. Tó bá di 10, *deich mbliana* ni. Tó bá di 11, m náà á lọ, h á wọlé: *aon bhliain déag*.