Ọkọ̀ òfurufú fóòmù wa máa ń gbé imú sókè, á sì já lulẹ̀: ṣé ẹ́ńjìnnì ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní FUTA, ní Akúrẹ́ níbí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi fóòmù ṣe ọkọ̀ òfurufú tó ń lo rìmóòtù. Apá rẹ̀ gùn ní mítà 1.2 láti ìkángun kan dé èkejì, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, gbogbo rẹ̀ sì wọn gíráàmù 900. Bí a bá ti jù ú, á gbé imú sókè, á dà bí ẹni pé ó dúró, apá òsì á wá ṣubú, ó di ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹ́ńjìnnì ni kò lágbára. Ṣé ká ra èyí tó tóbi?

Ìdáhùn: Àbúrò, fi owó rẹ sápò ná. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lágbára kì í ta imú sókè bẹ́ẹ̀. Á kàn máa rọra lọ sílẹ̀ ni. Ohun tí o sọ yìí, ìrù ló wúwo jù.

Agbára mẹ́rin ló ń fa ọkọ̀ òfurufú mọ́ ara wọn lọ́wọ́: ìwúwo ń fà á wálẹ̀, apá ń gbé e sókè, ẹ́ńjìnnì ń tì í síwájú, afẹ́fẹ́ ń fà á sẹ́yìn. Ti apá ni wàhálà yín. Bí apá bá ṣe ń gbójú sókè sí afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, títí dé nǹkan bí dígírì 12 sí 15. Tó bá kọjá ibẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń ṣàn lórí rẹ̀ á já kúrò lára rẹ̀, apá kò sì ní gbé ọkọ̀ mọ́. Sítọ́ọ̀lù nìyẹn. Ìrù tó wúwo ló ń gbé imú ọkọ̀ yín dé ibẹ̀.

Eré náà ńkọ́? Bí eré bá já sí ìdajì, agbára apá á kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Akúrẹ́ ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 350. Lọ́sàn-án tí ooru bá dé dígírì 35, afẹ́fẹ́ á fúyẹ́, apá á sì nílò eré púpọ̀ sí i. Nínú ìṣirò mi, tí eré ọkọ̀ yín bá ti wá sílẹ̀ tó mítà 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ti dé etí sítọ́ọ̀lù. Ẹ wá so ẹ́ńjìnnì àti bátìrì ńlá mọ́ ọn, kó di gíráàmù 1,200: ó di mítà 9. Ẹ ti fowó ra ìṣubú nìyẹn.

Apá òsì ló ń kọ́kọ́ lọ, bóyá nítorí fáànù iwájú. Bí ó bá ń yí sọ́tùn-ún lójú ẹni tó dúró lẹ́yìn, ara ọkọ̀ á máa fẹ́ yí sósì. Tí o bá tún tẹ iná mọ́ ọn lásìkò yẹn, o dá kún un ni.

Ẹ fi bátìrì sí àyè rẹ̀, kí ẹ fi ọmọ ìka kan gbé abẹ́ apá lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ wá ibi tí ọkọ̀ ti dọ́gba. Láti etí iwájú apá, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 ló yẹ kó jẹ́. Ká ní 9 lẹ bá. Ẹ fẹ́ fà á wá sí 5.5, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 3.5 lọ́nà gíráàmù 900, èyí tó jẹ́ 3,150. Bí bátìrì bá wọn gíráàmù 200, ẹ fi 200 pín in: ẹ sún bátìrì síwájú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16. Bí kò bá sí àyè, ẹ lè lẹ òjé mọ́ imú, ṣùgbọ́n ní sẹ̀ǹtímítà 18 síwájú ojú 5.5 yẹn, gíráàmù 175 ni yóò gbà. Ẹrù òfo ni. Ẹ kúkú gbẹ́ àyè fún bátìrì.

Ẹ wo apá náà dáadáa láti ẹ̀yìn. Fóòmù tó sùn nínú mọ́tò lójú oòrùn máa ń lọ́, kò sì sí bátìrì tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ẹ dán an wò láàárọ̀ kùtù, nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tíì máa jà, lórí koríko, níbi tó jìnnà sí pápá ọkọ̀ òfurufú Akúrẹ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́, ẹ jù ú lọ gbọọrọ, kì í ṣe sókè. Tó bá ṣì ta imú sókè, ẹ sún bátìrì síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 1. Tó bá forí sọlẹ̀, ẹ dá ìdajì rẹ̀ padà. Bó bá lọ dáadáa báyìí, ṣùgbọ́n tó tún ń ta imú nígbà tí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi wáṣà sẹ́yìn àwọn síkúrù òkè tó di ẹ́ńjìnnì mú, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí fáànù wo ilẹ̀ ní dígírì 2 tàbí 3.