Ọmọ tí mo gbà tọ́ kò fẹ́ yunifásítì, iṣẹ́ iná ló fẹ́ kọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, fi ọmọkùnrin kan sí mi lọ́wọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, kò sì gbé ibòmíràn rí, àmọ́ kò ní páàsìpọ́ọ̀tù kankan. Ó máa pé ọdún 18 lóṣù karùn-ún. Àwọn ọmọ tí mo bí lọ yunifásítì, ó sì wù mí kí òun náà lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ iná mànàmáná ló ní òun fẹ́ kọ́. Wọ́n tún ń sọ fún mi pé tó bá ti lè pé 18, káńsù á fọwọ́ kúrò lọ́rọ̀ rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
Màmá Alágbàtọ́

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o.

Páàsìpọ́ọ̀tù tí kò ní yẹn ló ká mi lára jù. Ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ yìí, tó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún 10 àkọ́kọ́ ayé rẹ̀, òfin ọdún 1981 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀tọ́ náà kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá pé 18. Owó rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú káńsù, tí kò tíì pé 18, kì í san kọ́bọ̀. Tó bá ti pé 18, owó ọ̀hún ju £1,000 lọ. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí social worker rẹ̀, òṣìṣẹ́ káńsù tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀, lọ́sẹ̀ yìí, kí káńsù wá lọ́yà fún un. Ẹ má kàn fẹnu sọ ọ́ lásán. Mo ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì: bí social worker kan bá lọ tí òmíràn dé, ohun tó wà nínú ìwé nìkan lẹni tuntun máa rí.

Ẹni tó ní káńsù á fọwọ́ kúrò kò mọ òfin. Láti ọdún 2000 lòfin ti ní kí káńsù máa ran àwọn ọmọ tó dàgbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn 18. Ó máa ní Personal Adviser, ẹni tí á máa gbà á nímọ̀ràn, títí tó fi máa pé 25, bó bá fẹ́. Ìwé ètò kan náà wà tí wọ́n ń pè ní pathway plan. Kí ọmọ náà ní kí wọ́n kọ iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ síbẹ̀, àti ẹni tó máa ra bàtà iṣẹ́ àti irinṣẹ́ fún un. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá fẹ́, ó lè máa gbé lọ́dọ̀ yín títí di ọdún 21. Staying Put ni wọ́n ń pe ìyẹn. Owó tí wọ́n ń san fún yín sábà máa ń dín kù nígbà náà, ẹ béèrè iye rẹ̀ nísinsìnyí.

Ní ti yunifásítì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kọ́ṣẹ́ iná. Bí ọdún mẹ́rin ló máa gbà, ọ̀gá á máa sanwó oṣù fún un, kò sì ní san owó ẹ̀kọ́. Ní England, ọmọ tó dàgbà lọ́wọ́ káńsù, tí kò tíì pé 25, tó bá wọ apprenticeship, irú ìkọ́ṣẹ́ tí ọ̀gá ń sanwó oṣù fúnni yìí, á gba £3,000 díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún àkọ́kọ́. Ibi tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ló máa bá a béèrè rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé ọmọ káńsù lòun. Ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ nínú wọn láti sọ ọ́, wọn ò fẹ́ káwọn ẹgbẹ́ wọn máa fojú àánú wò wọ́n. Ẹ jókòó tì í, ẹ ṣàlàyé fún un pé ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì ló máa sọ ọ́ fún, kì í ṣe àwọn tí wọ́n jọ ń fa wáyà. Bó bá wá wù ú láti lọ yunifásítì lẹ́yìn náà, £2,000 wà tí káńsù máa fún un.

Ẹ wò ó bóyá ó yege GCSE, ìdánwò girama tí wọ́n ń ṣe ní nǹkan bí ọmọ ọdún 16, nínú ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, torí ọ̀pọ̀ ọ̀gá oníná ló máa ń béèrè fún un. Bí kò bá tíì yege, kó lọ forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì láti tún un ṣe kó tó máa wá ọ̀gá.