Ẹ Bi Wá: Ṣé iná ò lè pa mẹ́kúrì inú ẹja ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé májèlé wà nínú ẹja tí àwọn ẹ̀yà Yanomami ní Bràsíl ń jẹ, nítorí àwọn tó ń wa wúrà nínú igbó wọn. Ṣé wọn ò lè sè é jinná dáadáa ni? Igbó tó tóbi tó yẹn náà, báwo ni ebi ṣe ń pa ọmọ níbẹ̀? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Iná ń pa kòkòrò, kì í pa mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé yẹn.

Ẹ̀rọ ni àwọn awawúrà fi ń tu omi líle sí bèbè odò bíi Uraricoera àti Mucajaí títí ilẹ̀ á fi ya di ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn á ṣàn gba orí pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí. Wúrà wúwo, inú irun kápẹ́ẹ̀tì ló ń há sí. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n sínú ike, wọ́n á da mẹ́kúrì sí i (òun náà ni wọ́n máa ń bá nínú àwọn ìpara ìbóra kan), yóò sì gbá wúrà wẹ́wẹ́ jọ bí òkèlè. Tí wọ́n bá finá sí òkèlè yẹn, mẹ́kúrì á bá èéfín lọ, wúrà á ṣẹ́kù. Xawara ni Yanomami ń pe àjàkálẹ̀ àrùn, èéfín ni wọ́n sì fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀. Wọn ò jìnnà sí òótọ́.

Òjò á da èéfín náà padà sódò. Nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, àwọn kòkòrò tójú ò lè rí á sọ mẹ́kúrì di oríṣi tó ń lẹ̀ mọ́ ẹran ara ẹja. Kò sí nínú ọ̀rá tí ẹ lè yọ́ dànù. Tẹ́ ẹ bá yan ẹja gbẹ, omi ara rẹ̀ nìkan ló lọ, nítorí náà mẹ́kúrì inú òkèlè kọ̀ọ̀kan tún pọ̀ sí i ni. Ẹja tó ń jẹ ẹja ló léwu jù. Èyí tó ń jẹ èso àti ewé sàn díẹ̀. Aláboyún ló yẹ kó ṣọ́ra jù, torí ó ń dé ọpọlọ ọmọ inú.

Ní ti ebi: lọ́dún 1992 ni ìjọba Bràsíl fọwọ́ sí i pé ti àwọn Yanomami ni ilẹ̀ náà, nǹkan bíi hẹ́kítà mílíọ̀nù 9.6. Urihi ni wọ́n ń pè é, igbó àti ilẹ̀ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n á ṣán oko, wọ́n á sun ún, wọ́n á gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó di igbó, wọ́n á ṣán òmíràn. Ẹni tó bá rí i láti òkè á ní ilẹ̀ ń ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ńṣe ló ń sinmi.

Ihò tí àwọn awawúrà gbẹ́ sílẹ̀ ń gba omi dúró, ẹ̀fọn ń yé sí i, ibà ń dá àgbàlagbà dùbúlẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tó yẹ kí wọ́n ṣán oko. Ẹ̀gẹ́ sì ń gbà tó ọdún kan kó tó ṣeé wà. Ibà ọdún yìí, ebi ọdún tó ń bọ̀. Ariwo ẹ̀rọ ti lé ẹran lọ, ọdẹ náà ò rí nǹkan pa.

Ní January 2023, ìjọba kéde ọ̀ràn ìlera pàjáwìrì níbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn awawúrà. Ó dáa, ṣùgbọ́n ihò ò bá wọn lọ, mẹ́kúrì ìsàlẹ̀ odò náà ò bá wọn lọ. Oúnjẹ tí wọ́n ń fi bàálù já sílẹ̀ ń gba ẹ̀mí là. Oògùn ibà tó dé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé ló ń dá oko padà.